Ẹrẹ̀ Tútù Lásìkò Ọyẹ́

Àwọn tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ra táyà náà nìyí: Susannah, opó Olóògbé Oyètúndé, ẹni tó ni ọkọ̀, Dúrótìmí ọmọ rẹ̀, tó ń wà á, Alhaja Asiata, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀ nítorí eruku, Ràímì fọkanáísà, tó ni ìsọ̀, Safiyat ìyàwó rẹ̀, tó ń yan ẹ̀pà lẹ́bàá ibẹ̀, àti ewúrẹ́ Safiyat. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín pé a ka ewúrẹ́ mọ́ ènìyàn. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló hùwà bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ìsọ̀ Ràímì kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Ọ̀fà. Òkìtì táyà àlòkù ga níbẹ̀ ju ènìyàn lọ, orí òkìtì náà sì ni ewúrẹ́ yìí máa ń sùn, nítorí rọ́bà máa ń fi ooru oòrùn pamọ́ sára. Bó bá jí lórí ọ̀kan, á bọ́ sórí òmíràn. Ṣùgbọ́n táyà mẹ́rin kan wà lọ́tọ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò, tí wọ́n tò léra wọn, tí ewúrẹ́ náà kì í sún mọ́. Bí wọ́n bá lé e gba ibẹ̀, á yí po, á kúkú gba inú ẹ̀gún lọ. Oṣù kìíní ọdún 1989 ni. Ọyẹ́ ti mú débi pé ètè ń bẹ́, ewé gbígbẹ sì ń dún wóró-wóró lábẹ́ ẹsẹ̀. Òjò ti gbàgbé ọ̀nà Ọ̀fà láti ìgbà pípẹ́. Síbẹ̀, omi wà nínú táyà mẹ́rin náà.

Susannah rí omi ọ̀hún, inú sì bí i.

“Ràímì, o ń fọ táyà kí ó lè máa dán lójú wa, àbí?”

“Màmá, n kò fọ nǹkan kan o. Bí mo bá da omi yẹn nù lálẹ́, bí ilẹ̀ bá mọ́, á tún ti wà níbẹ̀.” Ràímì rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe Ràímì ló kọ́kọ́ múnú bí Susannah lọ́sẹ̀ yẹn. Caroline, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, wà ní Kàdúná nílé ọkọ, oyún inú rẹ̀ sì ti pé oṣù. Aládùúgbò kan tó ti ọ̀hún dé ló jíṣẹ́ pé ẹsẹ̀ Caroline ti wú dé orúnkún, pé ojú ń ṣú u, pé dókítà kò fẹ́ràn ohun tó ń rí, pé kí Màmá máa bọ̀ kíákíá. Ìyá ọkọ Caroline ti kú, kò sì sí obìnrin kankan nílé yẹn tó lè di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. Ọkọ̀ ojú irin tí ì bá wọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti da iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní kó wọ ọkọ̀ akérò, Susannah ní láéláé, òun kò ní dé ọ̀dọ̀ àna òun bí ẹrù àgbàdo. Ọkọ rẹ̀ fi ọkọ̀ ìjàpá kékeré kan sílẹ̀ fún un, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le koko. Táyà ni kò ní. Méjì ti pá, méjì ti wú bí ẹni tí agbọ́n ta.

Ràímì kó táyà jáde. Ó kó tòkúnbọ̀ tó ti Kútọnu wá, ó kó èyí tí wọ́n tún fi rọ́bà tuntun bò lórí ògbólógbòó. Susannah yọ píìnì kan nínú irun rẹ̀, ó ń tì í bọ eyín táyà lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo bó ṣe jinlẹ̀ tó.

“Èyí pá bí orí bàbá arúgbó. Èyí, okùn inú rẹ̀ ti yọjú. Èyí ti lọ Mẹ́kà ó ti bọ̀, ó kù kí wọ́n máa kí i ní Alhaji.”

“Ìyàwó wa,” ni Asiata wí látinú ọkọ̀, “bá Ràímì jà, ṣùgbọ́n yọ Mẹ́kà kúrò nínú rẹ̀ o.”

Nígbà náà ni Susannah rìn lọ sábẹ́ dóńgóyárò. Ó da omi inú táyà àkọ́kọ́ nù. Omi náà tutù débi pé ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó ti píìnì bọ eyín táyà, píìnì náà wọlé dé ìdí. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò rọ̀. Ó wo ẹ̀kejì, ó wo ìyókù. Bákan náà ni gbogbo wọn.

“Àwọn yìí ni mo fẹ́.”

Ràímì sáré wá. “Màmá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.”

“Kí ló dé?”

“Wọn kì í ṣe títà nínú ìlú yìí.”

“Ṣé o jí wọn ni?”

“Ha! Rárá o, Màmá.”

“Ó yé mi. O ń tọ́jú wọn de ẹni tí àpò rẹ̀ wúwo jù tèmi lọ. O rí opó, o ń rẹ́ ẹ jẹ. Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, ṣé o lè dúró níwájú rẹ̀ kí o sọ irú ọ̀rọ̀ yìí?”

Àwọn tó ń kọjá ti ń dúró wò. Safiyat tẹjú mọ́ agbada ẹ̀pà rẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ràímì, sọ fún wọn.” Ṣùgbọ́n wọ́n ti pè é ní ẹni tó ń rẹ́ opó jẹ lójú gbogbo ayé, ojú sì tì í. Ó gbé jáàkì, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi òòlù lu táyà wọ ríìmù. Bó ṣe ń lù ú, ewúrẹ́ ja okùn, ó sì sá gba ojú irin lọ.

Dúrótìmí wa ọkọ̀ náà délé. Ó ní kò tíì wa ọkọ̀ tó rọ̀ báyìí rí. Ó ní bí òun bá kàn gbé ọwọ́ kúrò lórí sítiárì, á máa lọ fúnra rẹ̀.

Wọ́n fẹ́ kí Dúrótìmí kọ́kọ́ gba àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní káńsù, èyí tí yóò gba ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbéra. Nígbà tí Susannah jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti gbálẹ̀, ó rí ọkọ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e sí, lábẹ́ àtíbàbà, géètì wà ní títì. Ẹrẹ̀ kún eyín táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹrẹ̀ pupa ni, ó tutù, ó ṣì ń kán sílẹ̀. Ewé oṣíbàtà kan, irú èyí tó máa ń léfòó lójú omi, lẹ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn.

“Dúrótìmí! Jáde síbí!”

Ó jáde tòun ti ipin lójú, ìró ìyá rẹ̀ ló so mọ́ ìdí nínú ìkánjú.

“Níbo lo gbé ọkọ̀ mi lọ lóru?”

“Màmá, mo sùn ni.”

“Ẹrẹ̀ yìí ló wá fúnra rẹ̀? Nínú ọyẹ́? Etí odò wo ni ọ̀rẹ́bìnrin rẹ ń gbé? Ìjàgbò ni àbí Ojoku? Àbúrò rẹ ń kú lọ ní Kàdúná, ìwọ ń fi epo tí mo rà fún ìrìn-àjò ṣe fàájì! Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ló—”

Ó wolẹ̀. Dúrótìmí náà wolẹ̀. Nínú ilé yẹn, wọn kì í dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Adétóyè lorúkọ ẹ̀gbọ́n náà. Òun ni àkọ́bí. Nígbà òjò ọdún 1987, ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀, tó rà nítorí pé irú rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń wà, yọ̀ lórí afárá Ọ̀yún, ó sì bọ́ sínú odò. Ẹ kúkú mọ ohun tí ilẹ̀ wa wí. Òbí kì í rí òkú ọmọ, kì í sì í mọ sàréè rẹ̀. Wọ́n ti Susannah mọ́ yàrá láàárín àwọn obìnrin. Àwọn ọ̀dọ́ ló gbé Adétóyè, àwọn ọ̀dọ́ ló sin ín. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fi máa jáde síta, wọ́n ti kó gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ kúrò nílé kí ojú rẹ̀ má baà rí wọn: bàtà, àwòrán ara ògiri, títí dórí kọ́ọ̀bù tó fi ń mu ẹ̀kọ. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti pè é ní Ìyá Adétóyè mọ́. Ó di Ìyá Caroline. Kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ìbínú ló gbé wọ̀ bí aṣọ, kò sì bọ́ ọ mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ ẹrẹ̀ yẹn, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ Dúrótìmí, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì sùn lé e. Bí ilẹ̀ ti mọ́, kọ́kọ́rọ́ wà níbi tó so ó sí. Ẹrẹ̀ wà lára táyà.

“O ti gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ mìíràn,” ni Susannah wí. “Olè tó ń gbé inú ilé.”

Inú wá bí Dúrótìmí náà. Ọmọ tó bá jọ ìyá rẹ̀, kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i. Ó ní, “Ó dára. Inú ọkọ̀ yìí ni n ó sùn lónìí. Ẹ fi àgádágodo ti géètì, kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání. Bí ẹrẹ̀ bá tún wà níbẹ̀ lọ́la, ẹ ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, Màmá.”

“Èmi? Lọ́wọ́ rẹ? Máa sùn níbẹ̀, kí ẹ̀fọn jẹ ẹ́.”

Nígbà tí Susannah ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Dúrótìmí kò sí níbi sítiárì. Ìjókòó kejì ló wà, ó rọra tẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn bí ẹni tó fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbagada.

“Kí lo ṣe síbẹ̀ yẹn?” Susannah kò mọ ìgbà tí ohùn òun fi rẹlẹ̀.

“Ibi sítiárì ni mo jókòó sí. Oorun gbé mi lọ díẹ̀. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Ẹnìkan fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà, ó ní, ‘Sún sọ́hùn-ún, olórí ńlá.’”

Susannah di etí ilẹ̀kùn mú. Ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń pe Dúrótìmí bẹ́ẹ̀.

“Ẹ̀rù kò bà mí, Màmá. Mo sún ni. Bí mo ṣe máa ń sún náà ni.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“A lọ. A dé etí odò, ó pa iná ọkọ̀. Ó ní òun ń dúró de ẹni tó máa pe òun. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń dúró. Gbogbo ara rẹ̀ ló tutù, omi ń kán láti etí rẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹ ṣì ń bínú.”

Susannah gbé ọwọ́ sókè. Ohun tó fẹ́ fi ọwọ́ náà ṣe, òun gan-an kò mọ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó fi ìborùn wé orí, ó sì mú ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin pọ̀n.

Ràímì rí i lókèèrè, ó sì ti mọ̀. Kò jẹ́ kó dé ìsọ̀ kó tó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

“Inú ọkọ̀ wo lo ti bọ́ táyà yẹn?”

Safiyat ló dáhùn. “Ọkọ̀ tó kó sínú Ọ̀yún ni, Màmá. Ọwọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù ló ti rà wọ́n.”

“N kò mọ̀ pé ọmọ yín ló ni ín,” ni Ràímì wí látilẹ̀. “Mo mọ̀ pé ọkọ̀ odò ni. Àwa kì í ta nǹkan ọkọ̀ tó pa ènìyàn nínú ìlú olókùú. Ìlọrin ni mo fẹ́ gbé wọn lọ. Mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ní mo ń rẹ́ opó jẹ.”

“Ẹnu mi ló wá dí ọ lẹ́nu?”

“Ó dí i, Màmá. Ẹnu yín tóbi.”

Bó bá ṣe ọjọ́ mìíràn ni, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá dá ìjà sílẹ̀. Ràímì dìde, ó ní, “Ẹ ní kí Dúrótìmí gbé ọkọ̀ wá. N ó bọ́ wọn. Tuntun tó wà nínú ilé mi, tí mo ń tọ́jú fún ara mi, òun ni n ó fi rọ́pò. Ẹ má fún mi ní nǹkan kan.”

Susannah wo òkìtì táyà náà pẹ́. Obìnrin tó nílò táyà ni, ọ̀nà Kàdúná sì jìn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yan àwọn mẹ́rin yẹn nínú gbogbo táyà tó wà ní Ọ̀fà, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe kó má baà rí wọn.

“Má bọ́ wọn,” ló wí. “Bí o bá bọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ni yóò fi rìn wálé?”

Ó bá Asiata lórí ẹní ìrun, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Asiata gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin, ó ń ka tẹ̀súbà rẹ̀ lọ. Nígbà tó gbọ́ ti táyà, ó dá ọwọ́ dúró.

“Asitagafurulai. Èmi ni mo ní kí wọ́n ta ọkọ̀ yẹn kíá. Mo ní kí wọ́n gbé e jìnnà.”

“Alhaja, ta ló lọ pè é lórí afárá?”

Asiata bẹ̀rẹ̀ sí ká ẹní ìrun rẹ̀.

“Mo ní ta ló lọ pè é? Ẹ̀yin lọmọ ilé. Ẹ̀yin ni ẹ mọ bí wọ́n ti ń ṣe é.”

“Àgbà kì í dé ibi tí ọmọdé kú sí. Ìwọ náà mọ̀. Ẹni tí kò tó òkú lọ́jọ́ orí ló máa ń lọ pè é.”

“Àwọn ọ̀dọ́ tó gbé e ńkọ́?”

“Ta ló kọ́ wọn?” Inú ti ń bí Asiata náà wàyí. “Ẹ̀yin onígbàgbọ́ ní ìwà kèfèrí ni. Àwọn Ààfáà wa ní ẹbọ ni. A jọ fi ọmọ náà lé àdúrà lọ́wọ́, a sì jọ pa ẹnu mọ́. Ìwọ rò pé a lọ. Àwa rò pé ìwọ rán Dúrótìmí.”

“Wọ́n tì mí mọ́lé!”

“Èmi ni mo tì ọ́! Kí o má baà kú tẹ̀lé e ni mo ṣe tì ọ́!”

Àwọn méjèèjì ń mí kíkankíkan bí ẹni tó sáré. Nígbà tó yá, Asiata ṣàlàyé rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá kú sínú omi kì í mọ ọ̀nà. Ẹbí rẹ̀ á lọ dúró níbi tó gbé kú, á kọjú sílé, á pè é lórúkọ, á sọ fún un pé ó ti tó, ká máa lọ sílé. Ẹni tó pè é á wá máa bọ̀ wálé tààrà láì wo ẹ̀yìn. Ibi tí ẹni tó pè é bá kọjú sí, ibẹ̀ ni òkú máa ń lọ. Kò mọ ibòmíràn.

Wọ́n ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí ìránṣẹ́ mìíràn dé láti Kàdúná. Wọ́n ti gbé Caroline lọ sílé ìwòsàn. Ó ti ń rọbí láti àná, kò sì tíì bí.

Ìdájí ọjọ́ kejì ni wọ́n gbéra. Dúrótìmí ló ń wa ọkọ̀, Susannah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Asiata nìkan wà lẹ́yìn, nítorí ó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkan náà ní àṣìṣe. Nígbà tí wọ́n dé afárá Ọ̀yún, ilẹ̀ ti mọ́, ṣùgbọ́n ìkùukùu ọyẹ́ bo odò, ènìyàn kò rí ìsàlẹ̀. Bí Dúrótìmí ti ń múra láti dúró ni ọkọ̀ dúró fúnra rẹ̀.

“Dúrótìmí,” ni Asiata wí, “yí ọkọ̀ padà, kí ojú rẹ̀ kọ sí Ọ̀fà. Ìwọ ni o máa pè é. A ó gbé e délé, lẹ́yìn náà a ó wá máa lọ.”

Dúrótìmí di sítiárì mú, kò yí i.

“Caroline kò ní àkókò yẹn,” ni Susannah wí. Ó ti sọ̀ kalẹ̀.

“Ìyàwó wa! Ìyá kì í pe ọmọ! Susannah!”

Ó ti di irin afárá mú. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń pe òkú sọ pé ohùn pẹ̀lẹ́ ni, bí ìgbà tí ènìyàn ń jí ọmọdé lójú oorun. Susannah kò ní ohùn pẹ̀lẹ́ mọ́.

“Adétóyè! Adétóyè ọmọ Oyètúndé! Ta ló ní kí o jókòó síbẹ̀? Mo ní kí o má wakọ̀ nínú òjò, o ní ẹ̀rù ń ba Màmá jù! Mo tẹ ẹ̀bà sílẹ̀, mo bò ó mọ́lẹ̀, ó tutù, wọ́n dà á nù fún ajá! Wọ́n kó àwòrán rẹ kúrò lára ògiri mi, mi ò rí ojú rẹ mọ́ bí mo bá dijú! O wá ń gbé ọkọ̀ mi kiri lóru, o ń fi ẹrẹ̀ bà á jẹ́, o jẹ́ kí n pe àbúrò rẹ lólè! Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Dìde níbẹ̀! Àbúrò rẹ obìnrin ń kú lọ ní Kàdúná, a ò ní àyè ìranù! Wọ ọkọ̀ kí a máa lọ!”

Ìró ohùn rẹ̀ lu omi, ó padà wá. Ẹyẹ kankan kò fò. Ìkùukùu tó wà lójú odò là sí méjì díẹ̀, ó tún padé.

Susannah wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàmù. Ó dojú kọ iwájú, sí ọ̀nà Kàdúná.

Nígbà náà ni ẹ̀yìn ọkọ̀ náà rọra wọlẹ̀, bí ìgbà tí ọkùnrin tó sanra díẹ̀ bá jókòó sí i. Kò sí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀, Asiata sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. Ibi tó sún kúrò bẹ̀rẹ̀ sí tutù. Omi náà ń tàn díẹ̀díẹ̀ lórí awọ ìjókòó.

“Máa lọ, Dúrótìmí,” ni Susannah wí.

Wọ́n kọjá Ìlọrin, wọ́n kọjá Jẹ́bà. Oòrùn mú, ọyẹ́ gbẹ, ìjókòó ẹ̀yìn kò gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Dúrótìmí wo dígí iwájú rẹ̀ tó fi ń wo ẹ̀yìn. Ó yí dígí náà dojú bolẹ̀, kò sì tún un ṣe títí wọ́n fi dé. Táyà kò jò, ẹ́ńjìnnì kò gbóná. Àwọn sójà tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà ju ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja.

Nígbà tí wọ́n dúró níwájú ilé ìwòsàn, oòrùn ń lọ wọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ gbéra sókè lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan dún gbàmù, ṣùgbọ́n àwọn ilẹ̀kùn tiwọn ṣì wà ní títì. Kó tó di pé Susannah gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, ọmọ kan ké lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ké bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú omi.

Nọ́ọ̀sì tó jáde wá bá wọn ń jẹ́ Evelyn. Òógùn bo ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún.

“Màmá, ìyá ń bẹ láàyè, ọmọ ń bẹ láàyè. Ọkùnrin ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Láti àná la kò ti gbọ́ ọkàn ọmọ yìí mọ́. A ti sọ fún bàbá rẹ̀. A ti tẹ́ aṣọ funfun tí a fẹ́ fi wé e. Ó jáde, kò mí, mo gbé e sórí tábìlì, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo wá gbọ́ tí ẹnìkan pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé nísàlẹ̀, ni ọmọ bá ké.”

Wọ́n gbé e fún Susannah. Ìka ọwọ́ ọmọ náà hunjọ bíi ti ẹni tó pẹ́ nínú odò. Evelyn ní bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ gbogbo ọmọ tuntun máa ń rí. Ọmọ náà ò sọkún mọ́. Ó wo Susannah tààrà, ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti rọ̀.

Asiata fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wúyẹ́wúyẹ́ ló fi bá a jà, nítorí àwọn àna wà nítòsí.

“Ǹjẹ́ o mọ ohun tí o ṣe? Ọmọ ilé wa lo gbé fún onílé mìíràn. Oríkì wọn ni wọ́n máa fi kí i. Ìdí ogún wọn ni yóò jókòó sí. Sàréè rẹ̀ ní Ọ̀fà ti di kòtò lásán.”

“Ó wà láàyè, Alhaja.”

“Ta ló wà láàyè?” Asiata súnmọ́ ọn débi pé èémí rẹ̀ kan etí rẹ̀. “Ti Caroline ńkọ́? Èyí tó dákẹ́ láti àná, tí wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún? Ibo lo sọ pé kí ìyẹn lọ? Ta ló pè é?”

Susannah fún ọmọ náà mọ́ àyà. Nígbà tí Ààfáà àti Pásítọ̀ dé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá ọmọ sọ ọ́ ní Ọlábámijí. Susannah ṣe àmín. Asiata kò ṣe é.

Wọ́n ní ìbínú Susannah rọlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún bí gbogbo ìyá. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Nígbà ọyẹ́ gbogbo, títí ó fi kú ní ọdún 1996, ó máa ń ní kí Dúrótìmí gbé òun lọ sórí afárá Ọ̀yún láàárọ̀. Á kọjú sí Ọ̀fà bó ṣe yẹ, á la ẹnu láti fi ohùn pẹ̀lẹ́ pe ọmọ Caroline tí kò rẹ́ni pè. Kò mọ orúkọ tí yóò pè é. Wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ rí. Orúkọ kan ṣoṣo tó sì ń wá sí i lẹ́nu ni orúkọ tí kò gbọ́dọ̀ pè mọ́. Àwọn ará Ìjàgbò tó ń gba ibẹ̀ lọ sí oko sọ pé títí di òní, bí ìkùukùu bá bo odò, àwọn máa ń gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń pe Adétóyè. Bó bá sì ti pè é, nǹkan kékeré kan á máa dáhùn lábẹ́ afárá, nǹkan tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ọlábámijí, ọmọ ọmọ wa, bí o bá ń bọ̀ wá rí wa ní Ọ̀fà, gba ibẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ti là. Má sọ̀ kalẹ̀. Bí o bá gbọ́ tí wọ́n pe Adétóyè, bó ti wù kí ohùn náà dùn mọ́ ọ, má jẹ́ ẹ. Pe orúkọ ara rẹ sókè, ìwọ nìkan nínú ọkọ̀, kí o máa pè é títí o ó fi kọjá afárá.